Bí A Ṣe Ń Tún Máàpù Kan Náà Ṣe Láì Pa Iṣẹ́ Ara Wa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ máàpù la fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí pé díẹ̀ ló kù kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn tá a jọ ń gbé ìlú.

Ẹgbẹ́ wa ní itẹ́ òkú kan tó ti wà láti ayé àwọn bàbá tó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá. Lọ́dún tó kọjá, akọ̀wé wa fi orúkọ rẹ̀ sórí OpenStreetMap. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì tún ìlà tó yí i ká fà kó lè bá ògiri mu. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣí máàpù láti júwe ọ̀nà fún àlejò tó fẹ́ ṣe ìrántí bàbá rẹ̀. Orúkọ ò sí mọ́. Ìlà ti sún bọ́ sójú títì. Apá kan ilẹ̀ náà sì ti di ilẹ̀ ibùgbé. Ìpàdé ọjọ́ Àìkú yẹn gbóná gan-an. Àwọn kan ní onílẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀, pé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gba ibẹ̀. Àgbà kan tiẹ̀ ti ń wá nọ́ńbà lọ́yà.

Akọ̀wé ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó ṣí ìtàn àtúnṣe itẹ́ òkú náà níwájú gbogbo ilé. Ẹ̀dà kìíní, ẹnì kan tó ń wo fọ́tò sátẹ́láìtì ló fà á. Ẹ̀dà kejì àti ìkẹta, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀dà kẹrin, ọmọ wa ni! Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ni. Ó ti gba máàpù àdúgbò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí akọ̀wé tó ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe àtúnṣe láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bi í léèrè pé ṣé tìẹ ni ká mú àbí tiwọn, ó tẹ "tèmi" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí onílẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìdí nìyẹn tá a fi kọ èyí. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ti ń fi gbọ̀ngàn, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú wọn sórí máàpù báyìí, iṣẹ́ tó dára ni. Máàpù yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Láti ọdún 2014 ni Médecins Sans Frontières àti àwọn Red Cross ti Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ètò Missing Maps, tí wọ́n ń lò ó láti mọ ibi tí ènìyàn ń gbé kí àjàkálẹ̀ àrùn tàbí omíyalé tó dé. Ibi tí ò bá sí lórí ẹ̀, ó rọrùn kí wọ́n fò ó.

Nọ́ńbà ẹ̀dà

Steve Coast ló dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004. Ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè tún un ṣe. Nǹkan mẹ́ta péré ló kún inú rẹ̀: ojú àmì kan ṣoṣo, bíi kànga, ìlà, bíi títì tàbí ògiri, àti ìsopọ̀ tó ń kó wọn jọ, bí ipa ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Node, way àti relation ni ẹ ó rí lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà ẹ̀dà. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, ẹ̀dà 1 ni. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tún un ṣe, nọ́ńbà yẹn á fi ọ̀kan gòkè. Wọn kì í ju ẹ̀dà àtijọ́ nù. Kódà ohun tí wọ́n pa rẹ́, ìtàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìdánimọ̀ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Láti oṣù Kẹrin 2009, ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀dà 1 lẹ bá bẹ̀rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà àgbà sì wò ó pé ẹ̀dà 3 ló wà lọ́wọ́ òun, kò ní gbà á. Ó máa kọ "Version mismatch" sí yín. Ẹ má bínú sí i. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn ti dé ibí lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, ẹ wá wo ohun tó ṣe ná.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Akápò ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ sílé, alága náà ṣe tiẹ̀. Alága fi orúkọ ẹni mẹ́fà kún tiẹ̀, ó dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ẹtì, akápò mú tiẹ̀ dé, ó ní òun ti tún nọ́ńbà fóònù ṣe, kí wọ́n ya ti tẹ́lẹ̀ nù kí wọ́n fi tòun rọ́pò. Tí akọ̀wé bá gbà, ẹni mẹ́fà ti kúrò lẹ́gbẹ́ nìyẹn láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Akápò ò purọ́ o. Ìwé rẹ̀ ló ti pẹ́ lóde.

Ohun méjì wà níbẹ̀ tó máa ń dà wá láàmú. Àkọ́kọ́, tí ẹ bá di igba àtúnṣe pọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹyọ kan bá forí gbárí, gbogbo ẹrù yẹn ló máa padà. Ìdì kan, tí wọ́n ń pè ní changeset, lè gba tó 10,000 àtúnṣe, ó sì lè wà ní ṣíṣí fún wákàtí mẹ́rìnlélógún bí ẹ bá ń bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ ẹ má dán an wò. Ẹni tó fi ogún ogún ránṣẹ́ kì í sunkún púpọ̀. Ìkejì, tí ẹ bá sún igun ògiri kan, igun yẹn ló máa gba ẹ̀dà tuntun. Nọ́ńbà ẹ̀dà ìlà ògiri náà kò ní yí padà. Nítorí náà ẹni tó bá wo ìtàn ìlà nìkan lè búra pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo igun rẹ̀ ti sún. Ohun tó sún itẹ́ òkú wa bọ́ sójú títì, inú ìtàn àwọn igun la ti rí i. Fọ́tò sátẹ́láìtì tí ọmọ wa lò ló wọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fa ìlà tẹ̀lé e. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ máa fi ipa GPS ẹni tó fẹsẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀dà mẹ́ta lẹ máa wò, kì í ṣe méjì

Tí ìforígbárí bá dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni tèmi àbí tìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kẹta wà, òun ló ń dájọ́: ẹ̀dà tí àwa méjèèjì jọ bá lọ́jà kí kálukú tó gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ wo gbọ̀ngàn kan lórí máàpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní orúkọ, ó ní nọ́ńbà fóònù àtijọ́. Èmi yí fóònù padà, ìwọ tún orúkọ kọ. Tá a bá gbé tèmi àti tìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán, ibi méjì ni wọ́n ti yàtọ̀, ó dà bí ìjà méjì. Ṣùgbọ́n tá a bá gbé wọn síwájú ti ìbẹ̀rẹ̀, a máa rí i pé mi ò fọwọ́ kan orúkọ, ìwọ náà ò fọwọ́ kan fóònù. Ká mú orúkọ tìẹ, ká mú fóònù tèmi, ó tán. Ìgbà tí ẹni méjì bá fọwọ́ kan ohun kan náà, tí wọ́n sì kọ ohun tó yàtọ̀ síbẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni ìjà wà.

Ibẹ̀ ni ọmọ wa ti ṣìnà. Kò pa orúkọ itẹ́ òkú rẹ́ pẹ̀lú èrò. Orúkọ ò sí nínú ẹ̀dà tó bá, kò sì fi ọwọ́ kàn án. Òfìfo tó wà nínú ẹ̀dà rẹ̀ kì í ṣe èrò rẹ̀, àìmọ̀ ni. Àmọ́ nígbà tó tẹ "tèmi" fún gbogbo rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó ní kí ibẹ̀ má lórúkọ.

iD, tí ẹ máa ń bá pàdé tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń dá irú èyí pọ̀ fúnra rẹ̀ tí ọwọ́ kò bá pàdé. Ibi tó bá ṣòro fún un nìkan ló ti máa bi yín. JOSM, èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà tó sì dára fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ṣe ségesège, máa ń ṣí ojú ewé kan sílẹ̀: tìrẹ lápá kan, tiwọn lápá kejì, àárín sì ṣófo fún ohun tí ẹ bá pinnu. Iṣẹ́ gidi wà ní àárín yẹn. Ẹ lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìtàn rẹ̀, ẹ mú èyí tó tọ́ láti apá ọ̀tún tàbí òsì. Bọ́tìnnì tó ń mú gbogbo "tèmi" lẹ́ẹ̀kan náà wà níbẹ̀, ó sì wuni tẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú, tí jẹnẹrétọ̀ sì fẹ́ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè rí

Nọ́ńbà ẹ̀dà máa ń mú ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pẹ́ lóde. Kò lè mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀dà tuntun lówùúrọ̀ yìí, tó rí orúkọ tí ẹ kọ, tó sì fi tiẹ̀ bò ó. Lójú kọ̀ǹpútà, àtúnṣe tó mọ́ ni. Orúkọ ni èyí sì ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, pàápàá fún àwa tá a wà ní ìlú onílùú.

Ẹ wo Sabon Gari tó wà ní Kánò àti káàkiri Òkè Ọya. Hausa ni, "ìlú tuntun" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló di Sábó ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn Hausa ti ṣe àlejò tiwọn lọ́dọ̀ wa. Tí Yorùbá bá ń pe títì kan ní orúkọ kan, tí Hausa ń pè é ní òmíràn, kí ni ẹ fẹ́ kó wà lórí máàpù? Ẹni méjì lè máa pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú lórí èyí. Kò pọn dandan. Àyè wà fún gbogbo wọn: "name" fún ohun tó wà lára pátákó ibẹ̀ gan-an, "name:yo" fún ti Yorùbá, "name:ha" fún ti Hausa, "name:ig" fún ti Igbo, "old_name" fún orúkọ àtijọ́, "alt_name" fún orúkọ kejì. Tí kálukú bá kọ tiẹ̀ sí àyè tiẹ̀, ìforígbárí ò ní ibi dúró sí. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan "name" tí ẹ ò bá tíì dé ibẹ̀ fojú rí pátákó. Ẹ má sì dá orúkọ Yorùbá sílẹ̀ fún ibi tí Yorùbá ò lórúkọ fún. Kì í ṣe ìkómọ la pè yín sí.

Ohun kejì tó máa ń sá mọ́ kọ̀ǹpútà lójú ni ìbejì. Ẹnì kan fi fóònù fi ojú àmì gbọ̀ngàn yín sí i, ẹlòmíràn fi kọ̀ǹpútà fa ìlà ilé kan náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn yàtọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó forí gbárí, gbọ̀ngàn kan sì ti di méjì. Àwọn áàpù fóònù tó ń lo máàpù oṣù tó kọjá máa ń dá èyí sílẹ̀ dáadáa: ẹ ò rí gbọ̀ngàn yín nínú rẹ̀, ẹ sì fi òmíràn kún un. Tí ẹ bá fẹ́ dà wọ́n pọ̀, ẹ má ṣe pa méjèèjì rẹ́ kí ẹ wá fa tuntun, torí ohun tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà 1, ìtàn yín á sì wà lábẹ́ nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò ní wá mọ́. Ẹ fi èyí tó pẹ́ jù sílẹ̀, ẹ kó ohun tó wà lára kejì sórí rẹ̀, kí ẹ tó pa kejì rẹ́. Fún ojú àmì àti ìlà ilé, JOSM ní irinṣẹ́ àfikún kan, utilsplugin2, tó ń ṣe é láì pa ìtàn rẹ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti dáa jù láti dènà gbogbo èyí. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù Kínní 2010, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn káàkiri ayé rọ́ lu máàpù Port-au-Prince lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ tó jáde láti inú iṣẹ́ yẹn, Humanitarian OpenStreetMap Team, ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Tasking Manager. Ó ń gé ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Tí ẹ bá mú ọ̀kan, ó tì í mọ́ yín lọ́wọ́ fún wákàtí méjì, ẹlòmíràn tó wà nínú iṣẹ́ náà ò lè mú un. Ẹ̀ka yín ò nílò rẹ̀ tí ẹ ò bá ju mẹ́wàá lọ. Ẹ pín àdúgbò fún ara yín lórí WhatsApp: lágbájá láti ọjà dé ibùdókọ̀, tàmẹ̀dù láti ibùdókọ̀ dé odò. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ààlà kó sọ. Lójú tiwa, ìpín àdúgbò dára ju mímọ bí a ṣe ń dá ẹ̀dà pọ̀ lọ, nítorí ẹ̀dà tí kò forí gbárí kò ní kí ẹnikẹ́ni dájọ́.

Ti ọ́fíìsì

Ọ̀nà tí àwọn iléeṣẹ́ ń gbà yàtọ̀ sí èyí, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ báyìí. AGIS wà l'Ábújá, KADGIS wà ní Kàdúná. Ẹ jẹ́ ká wo ètò kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, ìyẹn ArcGIS ti iléeṣẹ́ Esri ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹ̀dà àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní DEFAULT. Wọ́n lè ya ẹ̀dà ọmọ lára rẹ̀ fún iṣẹ́ kan, kí òṣìṣẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú rẹ̀ láì kan ti àgbà. Tó bá parí, ìgbésẹ̀ méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni reconcile: wọ́n á fa ohun tuntun inú ẹ̀dà àgbà wọ ti ọmọ, kọ̀ǹpútà á sì tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ ti pàdé. Ẹni tó ń ṣe reconcile ló ń yàn bóyá ìforígbárí ni tí ẹni méjì bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀ kan náà rárá, àbí ó di ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan ohun kan náà nípa ilẹ̀ yẹn. Wọ́n á wò ó, wọ́n á yan èyí tó tọ́, ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á sì wà níwájú wọn bí ẹlẹ́rìí. Ìkejì ni post, èyí tó ń gbé iṣẹ́ náà wọ ẹ̀dà àgbà.

Ìdí tó fi kàn yín rèé. Tí ẹ bá lọ tún orúkọ tàbí ààlà ilẹ̀ yín ṣe ní ọ́fíìsì tó ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ lè sọ fún yín tọkàntọkàn pé "a ti ṣe é", kó sì jẹ́ pé inú ẹ̀dà ọmọ ló ṣì wà. Ẹni tó bá wo ẹ̀dà àgbà lọ́la á rí ti àtijọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í ni: "Ṣé ó ti wọ ẹ̀dà àgbà?" Kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì àti ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orúkọ lórí OpenStreetMap lè dúró bí ìwé ilẹ̀. Kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì lè fún yín nílẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé orúkọ itẹ́ òkú wa pòórá níbẹ̀ kò dín ẹ̀tọ́ wa kù nìyẹn, bó tilẹ̀ dunni.

Tí wọ́n bá ti bà á jẹ́ ńkọ́?

Ẹ ṣí ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ẹnu. Ìtàn á sọ ẹni tó ṣe é àti ìdì àtúnṣe tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé sí ẹni náà lábẹ́ ìdì yẹn, gbogbo ayé á sì rí i, nítorí náà ẹ kọ ọ́ bí ọmọlúàbí: ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ béèrè ìdí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àṣìṣe ni. Tó bá sì ń bá a lọ, tó di pé ẹ ń pa tiẹ̀ rẹ́, òun náà ń pa tiyín rẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Data Working Group, lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó OpenStreetMap, iṣẹ́ wọn ni láti là á.

Dídá nǹkan padà kì í mú nọ́ńbà lọ sẹ́yìn. Tí ẹ bá dá ẹ̀dà 3 padà, ẹ̀dà 5 ló máa jẹ́, pẹ̀lú ohun tó wà nínú 3. Ẹ̀dà 4 ṣì wà nínú ìtàn, gbogbo ènìyàn lè rí i. JOSM ní irinṣẹ́ fún èyí tí wọ́n ń pè ní reverter. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ó lè dá gbogbo ìdì kan padà. Ìdì tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ ní kànga mẹ́rin àti títì mọ́kànlá tó fà dáadáa. Ká ní a dá gbogbo rẹ̀ padà nínú ìbínú, a bá sọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì nù nítorí ibì kan. A mú ti itẹ́ òkú nìkan.

Ọ̀rọ̀ méjì péré kù nípa ohun tí ẹ lè dà pọ̀ mọ́ máàpù náà. Ẹ má ṣe da orúkọ kọ láti orí Google Maps. Àṣẹ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án 2012, abẹ́ ìwé àṣẹ ODbL ni OpenStreetMap wà, ohun tí ẹ bá sì fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ fojú rí tàbí tí ẹni tó ni ín yọ̀ǹda. Bákan náà, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti ibi tí kálukú ń gbé kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láé. Ìtàn kì í gbàgbé, a ti sọ ọ́. Ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀ lónìí, ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè rí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á rẹ́. Ní ìlú tí nǹkan ti máa ń le nígbà míì, ẹ ò nílò ká ṣàlàyé ìyẹn.

Itẹ́ òkú wa ti wà ní ẹ̀dà 5 báyìí, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlà náà ti padà sára ògiri. Ọmọ tó ṣe àṣìṣe yẹn la fi ṣe alábòójútó máàpù ẹgbẹ́. Gbọ̀ngàn wa ló ṣì jẹ́ méjì lórí máàpù, ojú àmì kan àti ilé kan. Ó fẹ́ dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó kàn ń dúró kí àwọn àgbà kọ́kọ́ fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó tuntun.